Dírílù oníhámà mi ń yí ṣùgbọ́n kò gún kọnkéré mọ́: ṣé kí n tú u kí n kún un ní gíríìsì?

Rewáyà Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, mo sì máa ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ògiri fún àwọn èèyàn láti Ìgbógbó títí dé Ìjẹdè, lágbègbè Ìkòròdú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo dírílù àtijọ́, èyí tí a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ dè lẹ́nu. Oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni mo rówó ra èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Hilti, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é: dírílù oníhámà, 800 wáàtì, èyí tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa ti bíìtì bọ ẹnu rẹ̀ ni, á sì dún "kà". Owó àjọ oṣù mẹ́jọ ni mo fi rà á. Inú mi dùn sí i débi pé mi ò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kàn án ní oṣù àkọ́kọ́.

Sátidé tó kọjá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ní Àgíríìkì, ilé alájà kan. Mo fẹ́ lu ihò tí páìpù amúlétutù máa gbà jáde, lókè fèrèsé. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé màá fi bíìtì mílímítà 16 lu ihò kéékèèké yípo, lẹ́yìn náà màá fi ṣísù hú àárín rẹ̀ jáde. Orí àkàbà ni mo dúró sí. Ihò kẹta ni mo ń lu lọ́wọ́ tí bíìtì há. Kò fún mi láyè kí n ronú rárá. Bíìtì dúró, ẹ̀rọ ló yí, ó sì lọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi bí ẹni ń fún aṣọ. Èjìká mi gbá ògiri, àkàbà yẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi tó fẹsẹ̀ tẹ ìdí àkàbà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ náà ń yí dáadáa ṣùgbọ́n kò lù mọ́. Bí mo bá gbé e lé kọnkéré, ńṣe ló ń yí lójú kan, bíìtì á sì máa gbóná. Ká sòótọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú tí agbára rẹ̀ ti ń dín kù, tí mo ń fi àyà tì í kó tó wọlé. Iná tún ń ta pàrà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní òórùn kan.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n tú orí rẹ̀ kí n kún un ní gíríìsì fọ́fọ́. Ẹlòmíì ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ìbéèrè mi kejì ni pé: báwo lẹ̀yin ṣe ń lu òkè fèrèsé tí bíìtì kì í há?

Ọwọ́ mi ṣì wú.

Bàbá Ẹlẹ́rọ, Sábó

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ la ó kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀rọ lè dúró.

Na àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ sókè. Kòtò kékeré kan máa yọ nídìí rẹ̀, lápá ọrùn ọwọ́. Fi ìka òsì tẹ inú kòtò yẹn. Bó bá dùn ọ́ níbẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn lónìí kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ. Egungun kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń sán láìjẹ́ pé ọwọ́ wọ́, àwòrán àkọ́kọ́ gan-an lè má gbé e. Bí ìrora bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, padà lọ bá wọn, má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Ní 2003, èmi kò lọ. Òrí ni mo fi ń ra á, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í tẹ̀ sẹ́yìn tó òsì, mi ò sì lè fi ti ilẹ̀ dìde. Bíìtì tó há mọ́ rọ́ọ̀dù ló ṣe é, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́.

Ó di ti ẹ̀rọ. Má kún un ní gíríìsì. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ohun tó ṣe é: "mo ń fi àyà tì í." Dírílù àtijọ́ yẹn, irin pẹlẹbẹ méjì tó ní eyín ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń yí ni eyín ọ̀kan ń gun orí eyín ìkejì, tó ń já bọ́, tó tún ń gùn ún. Bí o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni eyín yẹn ṣe ń pàdé tó, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi máa ń fi àyà ti irú rẹ̀. O ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ara rẹ ní ìyẹn. O wá pààrọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n o ò pààrọ̀ ọwọ́.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí, písítìn ló wà nínú rẹ̀, ó ń lọ síwá sẹ́yìn nínú páìpù irin kan. Níwájú písítìn, afẹ́fẹ́ ló wà. Níwájú afẹ́fẹ́ yẹn, irin wúwo kan wà tí kò so mọ́ nǹkan kan. Písítìn á rọ́ síwájú, afẹ́fẹ́ á fún, á sì ju irin yẹn lọ gbá ìdí bíìtì. Písítìn á padà sẹ́yìn, á fa irin náà padà. Nínú ọ̀pọ̀ irú 800 wáàtì yìí, ó ń lù ju ìgbà 4,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ ló ń gún kọnkéré, ọmọ mi, kì í ṣe èjìká rẹ. Ẹni tó ń gún iyán máa ń gbé ọmọ odó sókè kó tó jù ú sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi gbogbo agbára rẹ̀ di ọmọ odó mọ́ ìsàlẹ̀ odó, ìgbà wo niṣu fẹ́ di iyán? Tẹ ẹ̀rọ yìí níwọ̀nba tí kò ní máa fò kúrò lójú ihò. Bó bá ti ń lu dáadáa, wàá gbọ́ ọ létí: ìró rẹ̀ máa nípọn, á dúró lójú kan. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìró yẹn á rì, ọwọ́ rẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná kí kọnkéré tó mọ̀ pé o dé.

Rọ́bà róbótó kéékèèké, tí a ń pè ní ọ́-ríǹgì, ló di afẹ́fẹ́ yẹn mọ́nú. Bí ooru bá ti jẹ rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ á máa yọ gba ẹ̀gbẹ́, písítìn á máa rìn lásán, irin iwájú ò ní gbéra. Ohun tó ń ṣe tìrẹ nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Rọ́bà ni kí a pààrọ̀. Kò wọ́n.

Wo ohun tí gíríìsì àkúnfọ́fọ́ ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá láti Ọdógùnyàn. Gíríìsì pupa tí wọ́n fi ń sí béárìn ọkọ̀ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo tú orí rẹ̀, ó tú jáde bí àmàlà tó gbóná ju ìkòkò lọ, ó ti wọ inú páìpù tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, ó ti gba ẹ̀yìn sá wọ inú mọ́tò, ó sì ti bo áméṣọ̀, ìyẹn irin tí wáyà yí po, tó ń yí nínú mọ́tò. Ọjọ́ méjì ni mo fi fọ̀ ọ́, mi ò sì rí áméṣọ̀ yẹn gbà padà. Inú orí ẹ̀rọ yìí ní gíríìsì tirẹ̀, oríṣi tí wọ́n ṣe fún hámà, ó sì níye gíráàmù tó ń gbà. Ibi tí ìwọ lè fi gíríìsì sí láì bi ẹnikẹ́ni ni ìdí bíìtì: nù ún mọ́ kúrò nínú eruku, fi gíríìsì tó tó ẹ̀wà kan ra á, kó tó bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ ni kí o ṣe ìyẹn. Nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá bá mi, agbára káká ni mo fi ń rí ẹni tó ń ṣe é.

Iná tó ń ta pàrà lẹ́yìn, kábọ́nù ni, ìyẹn èédú kéékèèké méjì tó ń gbé iná fún áméṣọ̀. Iná búlúù kékeré kò burú, gbogbo mọ́tò irú yìí ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ́n, tó yí áméṣọ̀ po bí òrùka, dá a dúró. Bí kábọ́nù bá ti kù sí mílímítà 5 tàbí 6, yọ ọ́. Méjèèjì ni kí o pààrọ̀ pọ̀ o, kì í ṣe ọ̀kan, kó sì jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Mo ti rí ẹni tó fi kábọ́nù ẹ̀rọ ìlọta sí i, tó fi fáìlì fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè wọlé.

Òórùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Níbo lo ti ń rí iná lò? Ẹ̀rọ amúnáwá Ẹgbin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, kò jìnnà sí wa rárá. Síbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wọn 160 fóòtì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tó ti yẹ kí 230 wà. Iná tó rẹlẹ̀ báyẹn ń pa dírílù. Kò ní agbára, ìwọ á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Fáànù inú rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, kò lè fẹ́ ara rẹ̀. Áméṣọ̀ á jóná. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tí wọ́n kọ 950 sí lára. Ohun tó lè gbé pẹ́ kò ju 650 wáàtì lọ. Dírílù rẹ 800. Wáyà tí o fi ń fa iná náà, tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára ohun tí o ká a mọ́, nítorí pé wáyà tó ká jọ máa ń gbóná.

Èyí tó kẹ́yìn, tó sì ká mi lára jù. Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn dà? O ò dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí o kọ. Wọ́n máa ń wà nínú páálí, àwọn ọmọ á ní kò jẹ́ kó wọ àpò. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú orí ẹ̀rọ tó yẹ kó yọ̀ bí bíìtì bá há, ṣùgbọ́n kó tó yọ̀, ẹ̀rọ ti lọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọwọ́ kejì bá wà lórí igi ẹ̀gbẹ́ yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ sì dúró dáadáa, ìwọ lo máa borí. Ọwọ́ kan ṣoṣo lórí àkàbà, ẹ̀rọ ló máa borí. Má sì tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí súwíìṣì dúró fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè kú nígbà tí ìka rẹ bá yọ.

Gbé e wá. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà. Ọ̀gá rẹ kò purọ́ mọ́ ọ, ó kàn ń rántí dírílù ayé ìgbà tiwọn ni. Bá mi kí i.

Bíríkìlà Ìjẹdè

Bàbá ti sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògiri. Àbúrò, líńtẹ̀ẹ̀lì lo lù. Kí ló gbé ọ débẹ̀?

Òkè fèrèsé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Kọnkéré tí a dà ni, rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Nínú tèmi, rọ́ọ̀dù mílímítà 12 mẹ́rin ni mo máa ń tò, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, irin tín-ín-rín tí a tẹ̀ sì máa ń dì wọ́n pọ̀ ní gbogbo íǹṣì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Kò sí bí o ṣe lè lu ihò yípo níbẹ̀ kí o má kan ọ̀kan. Rọ́ọ̀dù yẹn ló gbé ẹrù ilé orí fèrèsé. Bí o bá gé e, o ti gé ẹsẹ̀ ilé nìyẹn, onílé ò sì ní mọ̀ títí tí ògiri máa fi la.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí o sún sí, inú búlọ́ọ̀kù, kí o fi tó ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí etí fèrèsé, kí o sì wò ó bóyá kì í ṣe píláà ló wà níbẹ̀. Fi egungun ìka lù ú: píláà á dún "kì", búlọ́ọ̀kù á dún "kòò". Búlọ́ọ̀kù oníhò wa yìí, oníńṣì mẹ́sàn-án ni o, oníńṣì mẹ́fà ni o, kò fẹ́ hámà. Yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ sí àwòrán bíìtì nìkan, kó kàn máa yí. Bí o bá fi hámà sí i, iwájú á dára lójú rẹ, ṣùgbọ́n lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá: ó ti fọ́ tó abọ́ ọbẹ̀, ó ti ṣí pílásítà dànù. Táìsì náà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kí o tó yí bọ́tìnì yẹn o, bó bá ń yí lọ́wọ́ tí o yí i, eyín inú rẹ̀ á jẹ.

Jẹ́ kí ihò náà dà díẹ̀ síta kí omi má baà wọ yàrá. Wáyà inú ògiri, ìwọ rewáyà lo mọ ìyẹn jù mí lọ: òkè súwíìṣì àti òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, má fọwọ́ kàn án.

Ìyá Oníbíìtì

Ẹ kúulé o. Bíìtì ni mò ń tà láti ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Sábó kọjá lè ti rà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, bíìtì wo lo fi lu kọnkéré tó ní rọ́ọ̀dù? Mo mọ̀ pé olójú méjì ni. Gbogbo yín ló ń ra olójú méjì nítorí pé ó rọjú. Wo orí rẹ̀: irin líle kan ṣoṣo ló dábùú rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ irin yẹn bá kọ́ rọ́ọ̀dù, ó há nìyẹn. Olójú mẹ́rin wà, irin rẹ̀ ṣe bí àgbélébùú, bó bá kan rọ́ọ̀dù ó sábà máa ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni, kì í tètè kọ́. Owó rẹ̀ ju ti olójú méjì lọ lóòótọ́. Mi ò sọ pé kí o máa fi gé rọ́ọ̀dù o, bọ̀dá Bíríkìlà ti sọ̀rọ̀.

Ìdí bíìtì rẹ yìí, SDS-plus ló ń jẹ́, mílímítà 10 ló nípọn, ojú ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, méjì là dé ìdí, méjì dí. Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló ṣe é ní 1975. Oníbàárà kan tó gbé níbẹ̀ rí ló túmọ̀ orúkọ náà fún mi: tì í bọ̀ ọ́, yí i, ó jókòó. Bí o bá ti fi sí i, fà á wò. Ó yẹ kó máa sún síwá sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jáde. SDS-max ni ti àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wó ilẹ̀, mílímítà 18, kò lè bá tìrẹ mu, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ. Bíìtì tó bá gbóná, má tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Orí rẹ̀ á là. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀rọ rẹ ò ṣeé tún ṣe, tí o fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ jẹ́ kí n kì yín nílọ̀. Àwọn kan ń bọ̀ láti Ìlú Ọba tí ojú pílọ́ọ̀gì wọn jẹ́ yẹ́lò, róbótó. 110 fóòtì ni wọ́n ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń tà á á gé pílọ́ọ̀gì yẹn, wọ́n á so tiwa mọ́ ọn. Bí o bá kì í bọ iná ilé, èéfín ló máa kọ́kọ́ jáde. Wo àkọlé ara rẹ̀ kí o tó sanwó. Wò ó bóyá àwòrán igun mẹ́rin méjì wà, ọ̀kan nínú èkejì: ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣe é lábala méjì kí iná má baà gbé èèyàn. Bí wáyà ọrùn rẹ̀ bá sì ti wà lábẹ́ téèpù, má rà á.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ eruku. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ọkọ mi fi ọdún méjìdínlógún lu kọnkéré àti òkúta kiri Ìkòròdú yìí, aṣọ àṣíborí ló máa ń fi bo imú, nígbà míì kò ní bo nǹkan kan. Dókítà ní eruku tí ojú kò lè rí, èyí tó wà nínú yanrìn, ló kó sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́ láì jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Àṣíborí kò lè mú eruku yẹn, ẹ̀yin ọmọ. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí ni kí ẹ rà, kó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń tà á, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lówó kó wá bá mi, màá fún un ní ọ̀kan.

Rewáyà Ìgbógbó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ kọkànlá rèé, mo wá jíṣẹ́.

Ọwọ́ mi kò sán. Kòtò ìdí àtàǹpàkò yẹn dùn mí díẹ̀, mo lọ, wọ́n ya á, wọ́n ní iṣan ló fà. Mo padà lọ lánàá bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Mo ṣì ń fi báńdéèjì dì í.

Mo gbé ẹ̀rọ lọ sí Sábó. Bàbá tú u lójú mi. Wọ́n fi igi tín-ín-rín yọ ọ́-ríǹgì tó wà lára irin iwájú yẹn, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó yẹ kó rọ̀ bíi rọ́bà ìdìwó. Ó ti le bí èèpo àgbọn, ẹ̀gbẹ́ kan ti fẹ́lẹ́, ó sì dá sí méjì nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Kábọ́nù kan ku mílímítà 4, èkejì 7. Gíríìsì inú rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láàárín ìka nítorí eruku tó ti wọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí eruku gbà wọlé. Wọ́n fi rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ hàn mí, ibi tí bíìtì ń gbà wọlé: ó ti ya. Mo ti ń lu òkè àjà láti oṣù kejì, ẹnu ẹ̀rọ ṣí sókè, eruku ń rọ̀ sínú rẹ̀. Bàbá gé ìdí ìgò ike kan, wọ́n fi bíìtì dá a lu láàárín, wọ́n ní bí mo bá tún ń lu òkè, kí n jẹ́ kí ìyẹn gba eruku. Áméṣọ̀ kò tíì jóná. Òórùn yẹn, bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wà nílé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú láílọ́ọ̀nù rẹ̀. Mi ò tíì já a rí. Ó ti wà lára ẹ̀rọ báyìí.

Mo padà sí Àgíríìkì lánàá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi. Òun ló di ẹ̀rọ mú nítorí ọwọ́ mi, èmi dúró tì í. Mo kọ́kọ́ fi ìka lu ògiri bí bọ̀dá Bíríkìlà ṣe wí, ó dún "kòò". A yí bọ́tìnì sí bíìtì nìkan. Ó fẹ́ fi àyà tì í, mo fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn, mo ní kó rọra. Ihò mẹ́rìnlá, kò há lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí a lọ wo inú yàrá, pílásítà kò ṣí ju fífẹ̀ ihò náà lọ. Àwa méjèèjì bo imú. Mọ̀mọ́ Oníbíìtì, ẹ ṣeun, ẹ fún wa ní méjì, ẹ kò gbowó. Ẹ bá wa kí Bàbá, ọkọ yín, nílé.

Ohun kan ló kù. Ihò mẹ́ta tí mo ti lu sínú líńtẹ̀ẹ̀lì yẹn ńkọ́? Ẹ̀kẹta kan rọ́ọ̀dù, mo rí i tó ń dán nínú rẹ̀.

Bíríkìlà Ìjẹdè

Ṣé ó kàn dán ni, àbí o ti gé wọnú rẹ̀? Fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ha á lára, má fòyà. Má jẹ́ kó wà ní gbangba kí òjò tó mú un, rọ́ọ̀dù tó bá ti ń dípẹtà máa wú, á sì la kọnkéré.

Fi ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku inú ihò náà jáde. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ojú rẹ ló máa padà sí. Lẹ́yìn náà fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí o fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n omi sí i kó tutù, ṣùgbọ́n kí omi má dúró sínú rẹ̀. Símẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta, kó le bí ẹ̀bà àárọ̀, má jẹ́ kó ṣàn. Fi igi kì í wọlé díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní gbà mọ́, má kàn fi tùráyà rẹ́ ojú rẹ̀ lásán. Wọ́n omi sí i lárọ̀ọ́ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ pé o ti gé wọnú rọ́ọ̀dù, má dí i. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, kí o sì sọ fún onílé. Mo máa gba Àgíríìkì kọjá lọ́jọ́bọ̀, mo lè yà wò ó.

Rewáyà Ìgbógbó

Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ó kàn ha á ni, kò wọnú. Mo ti sọ fún onílé bó ṣe jẹ́. Màá dí i lọ́la kí òjò tó tún rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì yà wò ó lọ́jọ́bọ̀ náà.